Ẹ̀kọ́ Kẹtàlá: Ìgbóná Ààrò Kọ́ Ni Ìgbóná Inú Ẹja

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń yan ẹja, a kò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń pa ẹja àrọ̀, bí wọ́n ṣe ń fi iyọ̀ fọ̀ ọ́, tàbí bí wọ́n ṣe ń ká a kí wọ́n tó fi igi gún ìrù rẹ̀ mọ́ ẹnu. Ẹ̀yin lẹ lè kọ́ wa ní ìyẹn. Ohun tí a fẹ́ kọ́ lónìí ni bí a ṣe ń fi tẹmómítà mọ̀ pé inú ẹja ti jinná, àti irú abẹ́rẹ́ tẹmómítà tó yẹ kí a fi owó wa rà.

Abẹ́rẹ́ tẹmómítà ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń gún ẹja. Ṣóńṣó ẹnu rẹ̀ ló ń mọ ìgbóná. Wáyà kan so ó mọ́ ojú tẹmómítà níta, níbi tí nọ́ńbà ti ń hàn. A lè ti ilẹ̀kùn ààrò, kí a sì máa ka nọ́ńbà.

Ohun tí àwọn kíláàsì tó ṣáájú ṣì gbọ́

Ìgbóná méjì ló wà nínú ààrò. Mo tún un sọ: ìgbóná méjì. Èkínní ni ìgbóná ààrò, ìyẹn ooru tó yí ẹja ká. Èkejì ni ìgbóná inú ẹja, ìyẹn ooru tó ti wọ inú ẹran ẹja dé ìdí eegun.

Ní kíláàsì tó kọjá, a kọ ọ́ sójú pátákó pé inú ẹja gbọ́dọ̀ gbóná dé dígírì 63, kó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30. Nọ́ńbà yìí wá látinú ìlànà FDA, àjọ tó ń ṣọ́ oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà bí NAFDAC ṣe ń ṣọ́ ọ níbí. Gbogbo kíláàsì kà á. Gbogbo wọn kọ ọ́ sínú ìwé. Lọ́jọ́ kejì, ìyá kan há abẹ́rẹ́ sí ẹnu ilẹ̀kùn ààrò. Ó rí 90. Inú rẹ̀ dùn, ó ka ìṣẹ́jú 30, ó kó ẹja sílẹ̀. Ẹja náà pọ́n dáadáa lójú. Nígbà tí a là á, ẹran ẹ̀gbẹ́ eegun rẹ̀ ṣì ń dán bíi ti ẹja tútù, ẹ̀jẹ̀ sì ṣì wà níbẹ̀.

A mú ẹja mìíràn tó sanra. A lo abẹ́rẹ́ méjì. A gbé ọ̀kan sórí wáyà ààrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja, a fi èkejì gún ẹja lẹ́yìn orí. A dúró fún ìdajì wákàtí. Abẹ́rẹ́ ààrò sọ pé 92. Abẹ́rẹ́ inú ẹja sọ pé 41. Ààrò kan náà, àkókò kan náà, nọ́ńbà méjì.

Kí ló fà á? Ẹ wo àmù omi. Oòrùn mú, ilé gbóná, síbẹ̀ omi inú àmù tutù. Ìdí ni pé àmù ń làágùn. Omi ń yọ lára rẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ, ó sì ń gbé ooru lọ pẹ̀lú. Ẹja orí ààrò ń làágùn bákan náà. Bí iná ṣe ń kó ooru wọ inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni omi tó ń gbẹ lára rẹ̀ ń kó ooru jáde. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà inú ẹja fi máa ń rọra gòkè. Nígbà mìíràn, á tilẹ̀ dúró sójú kan fún ìgbà pípẹ́. Bó bá dúró, ẹ má sọ pé tẹmómítà ti bàjẹ́. Ẹ má sì kó igi kún iná nítorí ìkánjú. Ẹja ṣì ń làágùn ni.

Ẹ kà á pẹ̀lú mi: Ìgbóná ààrò kọ́ ni ìgbóná inú ẹja. Ẹ tún un kà: Ìgbóná ààrò kọ́ ni ìgbóná inú ẹja. 90 lẹ́nu ilẹ̀kùn kì í ṣe 63 nínú ẹja.

Ibi tí a ń gún

Ẹja tó sanra jù ni kí ẹ gún, níbi tó ti nípọn jù, lẹ́yìn orí. Ẹnu abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ wà láàárín ẹran. Kó má kan eegun. Kó má yọ sí òdìkejì. Kó má kan wáyà ààrò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo ààrò Chorkor, èyí tó gba orúkọ rẹ̀ láti Chorkor ní ìlú Accra ní Gánà, ẹ mọ̀ pé àwo ìsàlẹ̀ máa ń gbóná ju ti òkè lọ. Ẹja tó sanra jù lórí àwo òkè ni kí ẹ gún. Bí ẹ bá pààrọ̀ àwo, ẹ pààrọ̀ ibi abẹ́rẹ́. Bí ẹni tí wọ́n bu oúnjẹ fún kẹ́yìn bá ti yó, gbogbo ilé ló ti yó.

Èyí tí kò wúlò àti èyí tó wúlò

Tẹmómítà tí wọ́n fi ń yẹ ibà wò kò wúlò fún ẹja. Nọ́ńbà rẹ̀ kì í kọjá nǹkan bí 42. Bó bá jẹ́ onígíláàsì tó ní mẹ́kúrì nínú, ẹ má jẹ́ kó súnmọ́ oúnjẹ rárá. Bó bá fọ́, májèlé ló dà sílẹ̀.

Tẹmómítà oníbọn, irú èyí tí wọ́n ń nà sí wa níwájú orí nígbà àrùn Kòrónà, awọ nìkan ló ń wò. Kò lè wo inú ẹja.

Tẹmómítà olójú aago tó ní irin gígùn dára fún itan màlúù. Àmọ́ irin rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5 tàbí 6 kó tó lè sọ òótọ́. Ẹja mélòó nínú àwo yín ló nípọn tó bẹ́ẹ̀?

Èyí tó wúlò ni abẹ́rẹ́ oníwáyà. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Èkínní ń jẹ́ thermistor. Kì í wọ́n púpọ̀, ó sì ń sọ òótọ́, ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn ahọ́n iná. Èkejì ń jẹ́ thermocouple. Wáyà irin méjì tí kì í ṣe irin kan náà ni wọ́n jó pọ̀ lẹ́nu. Èyí tí wọ́n kọ lẹ́tà K sí lára ló wọ́pọ̀ jù, ó sì lè fara da iná igi. Ẹ fi thermocouple ṣọ́ ààrò, kí ẹ fi thermistor tẹ́ẹ́rẹ́ gún ẹja.

Kí a tó sanwó

Ẹ óò rí wọn ra ní ọjà Alaba ní Ọjọ́, àti ní Computer Village ní Ìkẹjà. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kà, ẹ má jẹ́ kí oníṣòwò ka páálí fún yín. Ẹ kà á fúnra yín. Ẹ wá nọ́ńbà ìgbóná tó ga jù tí abẹ́rẹ́ lè gbà, kí ẹ sì wá ti wáyà rẹ̀ náà, nítorí wáyà sábà máa ń jó kí irin tó jó. Ẹ wo lẹ́tà C àti F. Dígírì 63 ní C ni 145 ní F. Bí ẹ bá rí 145, tí lẹ́tà ibẹ̀ sì jẹ́ C, ẹja yín ń jóná lọ.

Ẹ ra abẹ́rẹ́ àti ojú tẹmómítà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi náà ti ṣe àṣìṣe ríra wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ rí. Abẹ́rẹ́ mi bàjẹ́, mo ra òmíràn tó wọ ihò ojú tẹmómítà náà wẹ́kú. Ẹni tó tà á ní kò sí ìyàtọ̀. Mo délé, mo ki abẹ́rẹ́ náà bọ omi tó ń hó, ó ní 71. Ihò gbà á, ṣùgbọ́n èdè wọn kò bára mu.

Nítorí náà, ẹ dán an wò. Ẹ ra píọ́ wọ́tà dídì kan, ẹ fọ́ ọ wẹ́wẹ́ sínú ife, ẹ bu omi díẹ̀ sí i, ẹ rò ó. Abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ sọ pé 0. Lẹ́yìn náà, ẹ ki abẹ́rẹ́ bọ omi tó ń hó, kó má kan ìdí ìkòkò. Lẹ́bàá òkun tiwa níbí, ó gbọ́dọ̀ sọ pé 100. Bó bá fi dígírì kan yẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ máa rántí. Bó bá fi márùn-ún yẹ̀, ẹ dá a padà. Ẹ gba rìsíìtì, kí ẹnu yín lè gbà á.

Bó bá wọ́n jù fún ẹnì kan, ẹ dá àjọ. Ẹni mẹ́wàá lè lo ọ̀kan, bí kò bá sí ẹni tó ń fi pamọ́. Ẹ fi ọṣẹ fọ irin rẹ̀ kí ẹ tó fi gún ẹja mìíràn, ṣùgbọ́n ẹ má ri ọrùn rẹ̀, níbi tí wáyà ti wọ irin, bọ omi.

Ọ̀rọ̀ àárín àwa àti oníbàárà

Ẹni tó ń ra ẹja lọ́wọ́ wa kò rí inú rẹ̀. Ojú ló fi rà á. Àwa tí a ní abẹ́rẹ́ la rí inú, nítorí náà àwa la jẹ ẹ́ ní gbèsè òótọ́. Ẹja tí inú rẹ̀ kò jinná, tí omi ṣì wà nínú rẹ̀, kì í pẹ́ bu. Bó bá bu, bí kòkòrò bá wọ̀ ọ́, àwọn kan á fọ́n oògùn apakòkòrò sí i, wọn á gbé e lọ sọ́jà. Ìyá kan kì í fi májèlé se ọbẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Ọmọ ẹlòmíràn náà, ọmọ ni.

Ìbéèrè

1. Ìgbóná mélòó ló wà nínú ààrò? Dárúkọ wọn.
2. Kí ló dé tí nọ́ńbà inú ẹja fi máa ń dúró sójú kan?
3. Ẹja orí àwo wo ni a ń gún? Kí nìdí?

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Ẹ fa ìlà sí àárín ojú ìwé kan. Ẹ kọ ÀÀRÒ sí apá òsì, ẹ kọ INÚ ẸJA sí apá ọ̀tún. Ní gbogbo ìṣẹ́jú 15, ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀ títí inú ẹja yóò fi pé ìṣẹ́jú 30 lórí 63. Ẹ mú ìwé náà wá sí kíláàsì. Bí nọ́ńbà méjèèjì bá bára mu láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ má yọ̀. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn ààrò: abẹ́rẹ́ yín ti bọ́ kúrò nínú ẹja.