Bí Àgbẹ̀ Ṣe Lè Kan Ọkọ̀ Pákó Kékeré Nílé Ara Rẹ̀

Ẹ̀kọ́ wa ti ìgbà yìí yàtọ̀ díẹ̀ sí ti ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo tí ẹ ti mọ̀ mọ́ wa. Lóòótọ́, ojú ọ̀nà Ìbàdàn ni Òṣíẹ̀lẹ̀ wà, a kò ní odò ńlá lẹ́yìnkùlé. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú yín ní oko ẹ̀fọ́ tàbí àwọ̀n ẹja létí Odò Ògùn, àwọn mìíràn ní wọn létí dáàmù Ọ̀yán. Láti 1983 tí wọ́n ti ṣí dáàmù náà, omi ti bo ilẹ̀ tó tó 4,000 hẹ́kítà, ọ̀nà oko ẹlòmíràn sì ti di ọ̀nà omi. Ẹni tí kò ní ọkọ̀ á máa dúró de ọlọ́kọ̀, tòmátì á sì máa rà sínú apẹ̀rẹ̀.

Èmi kì í ṣe káfíńtà. Wọn kò kọ́ wa ní ọkọ̀ kíkàn nílé ẹ̀kọ́ àgbẹ̀. Èmi àti bàbá àgbẹ̀ kan níbí la jọ kan tiwa lábẹ́ igi máńgòrò, tí a fi píkọ́ọ̀pù gbé e lọ sí Ọ̀yán. Ẹ̀ẹ̀kejì la tó ṣe é bó ti yẹ.

Ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ ni kí ẹ kàn, kí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ rí gbàgede bí àpótí. Ọkọ̀ ẹlẹ́nu ṣóńṣó lẹ́wà, àmọ́ ó fẹ́ ọwọ́ tó ti mọ iṣẹ́. Pákó ọjà wa gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, ó fẹ̀ ní íǹṣì 12, ó nípọn ní íǹṣì 1. Méjì nínú rẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ti òsì. Ẹ gé ìsàlẹ̀ wọn dagun níwájú àti lẹ́yìn, kí ìdí ọkọ̀ lè rọra ga sókè níbẹ̀. Àárín ìdí ọkọ̀ á fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 3, ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì á fẹ̀ ní 2. Ẹ kọ́kọ́ kan férémù sí àárín, kí ẹ wá fi okùn fa orí pákó méjèèjì súnmọ́ra. Bí ẹ bá gbọ́ tí ó ń dún, ẹ da omi gbígbóná sí i, ẹ sinmi, kí ẹ tó tún fà á. Ẹ kan igi tín-ín-rín mọ́ etí ìsàlẹ̀ wọn láti inú. Òun ni ìṣó ìdí ọkọ̀ yóò wọ̀. Ìbú ni kí ẹ to pákó ìdí ọkọ̀, ẹ má tò ó ní gígùn. Bí ọ̀kan bá jẹrà, òun nìkan lẹ ó yọ.

Ìrókò ló dára jù, ó kàn wọ́n ni. Ọ̀mọ̀ tí àwọn onílù ń gbẹ́ náà dára. Arère fúyẹ́, kò wọ́n, ṣùgbọ́n ó tètè ń jẹrà nínú omi; ìjókòó ni kí ẹ fi ṣe. Ẹ ra ìṣó tí kì í dípẹtà, kí ẹ sì fi dírílì lu ihò kékeré kí ẹ tó kàn án, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ pákó á là.

Ẹ gbọ́ ibi tí a ti ṣìṣe. Pákó tútù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti sọ́míìlì dé la kàn, nígbà tí ọyẹ́ kù díẹ̀. A fi òwú dí àárín pákó, a fi ọ̀dà dúdú lé e, ó ń dán. Ọyẹ́ dé, pákó gbẹ, ó sún kì, ọ̀dà là. A kò yẹ̀ ẹ́ wò. A gbé e sómi, a di àpò ẹ̀gẹ́ mẹ́rin sí i, àwa méjèèjì wọlé. Kí a tó dé àárín, omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀ wa, agolo mílíìkì kan ṣoṣo la sì ní láti fi gbọ́n ọn. Bàbá ò bá mi sọ̀rọ̀ kankan, wọ́n kàn ń ju àpò sómi. Èmi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀ nígbà náà. Orí igi gbígbẹ kan tó yọ lójú omi la dì mú títí apẹja kan fi dé.

Nítorí náà, ẹ to pákó sábẹ́ ibòji fún oṣù méjì ó kéré tán, kí ẹ fi igi sáàárín wọn kí atẹ́gùn lè gbà á kọjá. Lẹ́yìn tí ẹ bá fi òwú àti ọ̀dà dí i tán, ẹ gbé ọkọ̀ náà sí omi tí kò jìn, ẹ bu omi kún inú rẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Pákó á mu omi, á wú, á fún mọ́ra. Ìgbà náà ni kí ẹ gbọ́n ọn gbẹ. Bí ó bá tún ń jò, ẹ fà á sókè.

Ìdánwò ẹrù ló kàn. Ẹ fa ìlà yíká ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ní ìdajì gíga rẹ̀. Ẹ pọn omi sínú kẹ́ẹ̀gì lítà 25, kílò 25 ni omi ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa tò wọ́n sínú ọkọ̀ létí omi, ẹ máa kà á, títí omi yóò fi kan ìlà. Tiwa gba mẹ́wàá, ìyẹn kílò 250. Ènìyàn méjì kó nǹkan bí kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà nínú rẹ̀. Àpò oníkílò 50 méjì ló kù. Ṣé ẹ wá rí i pé àpò mẹ́rin tí a kọ́kọ́ dì yẹn ti pọ̀ jù fún un, bí ọkọ̀ ò tilẹ̀ jò? Bí ẹrù bá pọ̀, ẹ lọ lẹ́ẹ̀mejì. Bí atẹ́gùn bá sì ti ń ru omi, ẹ má wọ̀ ọ́ rárá.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà nípa Ọ̀yán. Àwọn oníwàádìí ti rí àrùn títọ̀ ẹ̀jẹ̀ láwọn abúlé etí omi náà. Kòkòrò rẹ̀ ń ti ara ìgbín kéékèèké inú omi jáde, ó sì ń gba awọ ara wọlé. Ẹ wọ bàtà òjò nígbà tí ẹ bá ń ti ọkọ̀, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ máa lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ rẹ̀, kó lọ sí ilé ìwòsàn. Oògùn wà fún un.

Ẹ má ta àwọn kẹ́ẹ̀gì ìdánwò yẹn o. Ẹ da omi wọn nù, ẹ dé mẹ́rin pinpin, kí ẹ so wọ́n mọ́ abẹ́ ìjókòó gírígírí. Bí omi bá tilẹ̀ kún inú ọkọ̀, wọn ò ní jẹ́ kó rì pátápátá, ẹ ó sì rí nǹkan dì mú. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó sọ fún wa lọ́jọ́ ìbẹ̀wò, a ó mú ìwọ̀n férémù àárín náà wá.