Ẹsẹ̀ Kan Ni, àbí Méjèèjì?

“Mo ní uric acid.” Gbólóhùn yìí ti wọ́pọ̀ láàárín Ìkẹjà àti Agége báyìí. Ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn bàbá tó ti fẹ̀yìn tì ní àwọn ilé iṣẹ́ tó wà ní Ọba Akran, ẹ ó gbọ́ ọ nídìí igbá alágbo ní Pen Cinema, ẹ ó sì gbọ́ ọ lórí bẹ́ǹṣì níbi tí wọ́n ti ń dúró de dókítà ní LASUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì tó wà ní Ìkẹjà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí kò ní uric acid. Pàǹtí ni, tó ń ṣẹ́kù nígbà tí ara bá ń tú èròjà kan tó ń jẹ́ purine palẹ̀. Èròjà yìí wà nínú oúnjẹ, ó sì wà nínú ara wa fúnra rẹ̀. Kíndìnrín ló ń kó nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta pàǹtí náà dà sínú ìtọ̀. Ìfun ń kó èyí tó kù. Ẹni tó bá ní òun “ní” uric acid dà bí ẹni tó ní òun ní itọ́ lẹ́nu. “Ó ga nínú ẹ̀jẹ̀ mi” ni ká máa wí, tàbí “ó ti pọ̀ jù.”

Àbúrò gbólóhùn yẹn ni “mo ní BP.” Ẹni tí kò bá ní BP, ìyẹn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, rárá, mọ́ṣúárì ló yẹ ká ti máa wá a.

Àwọn kan ń bi mí pé kí la lè pe uric acid ní Yorùbá. Èmi ò rí ohun tó burú nínú kí á pè é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ dá orúkọ sílẹ̀ fún un kó ṣọ́ra fún “ìtọ̀.” Inú ìtọ̀ ni àwọn àgbà ti rí àmì àtọ̀gbẹ, ìdí nìyẹn tí orúkọ náà fi bá a mu. Uric acid yàtọ̀: èyí tó bá bá ìtọ̀ jáde kì í sábà ṣe wá ní nǹkan kan. Èyí tó kọ̀ tí kò jáde ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Bó bá ti kọjá mílígíráàmù 6.8 nínú désílítà ẹ̀jẹ̀ kan, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í dì, kó di ẹ̀gún wẹ́wẹ́ tí ojú ò lè rí, kó wá jókòó sínú oríkèé. Gáòtù nìyẹn.

Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ alágbo, kò ní pè é ní gáòtù. Làkúrègbé ni yóò pè é, làkúrègbé náà ni yóò sì pe orúnkún ìyá àgbà tó ń ké nígbà tó bá ń gun afárá. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni pa á tì, àmọ́ ó ń fi aṣọ kan náà bo àìsàn tí kò jọra. Ti orúnkún ìyá àgbà, ohun rírọ̀ tó bo orí eegun ló ti ń tán díẹ̀díẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Gáòtù kì í ránṣẹ́ ṣáájú: ó lè jẹ́ pé ènìyàn lọ sùn láìní nǹkan kan, kí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ jí i lóru. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀ bí a bá fẹ́ lò ó. Ti orúnkún ń ro. Ti àtàǹpàkò ń ta, ó ń jó, ó ń gún, aṣọ ìbora kò gbọdọ̀ kàn án. Ṣùgbọ́n “ó ń dùn mí” ni gbogbo wa ń sọ, bí ẹni pé ìrora kan ṣoṣo ló wà láyé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le jù ni “ẹsẹ̀ mi wú.” Nínú èdè wa, ọ̀rọ̀-orúkọ kì í yí padà nítorí iye. Ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ méjì, ẹsẹ̀ náà ni. Nítorí náà, ẹni tó gbọ́ “ẹsẹ̀ mi wú” kò tíì mọ iye ẹsẹ̀ tó wú, bẹ́ẹ̀ iye yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà rọ̀ mọ́. Gáòtù sábà máa ń mú oríkèé kan, ní ẹsẹ̀ kan, ibẹ̀ á gbóná, awọ á sì máa dán. Ọkàn tí agbára rẹ̀ ti ń dín kù ń jẹ́ kí omi dúró sí ẹsẹ̀ méjèèjì láti ọrùn ẹsẹ̀ lọ sókè. Kì í sábà dunni. Bí a bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó á jìn kòtò, kòtò náà á sì pẹ́ kó tó dí. Ẹni bẹ́ẹ̀ á máa mí gúlegúle lórí àtẹ̀gùn, kò sì ní lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn.

Ẹ wo ohun tí àṣìsọ yìí lè fà. Bàbá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú sọ fún olóògùn pé làkúrègbé ń yọ òun lẹ́nu. Olóògùn fún un ní diclofenac tàbí ibuprofen. Oògùn ìrora wọ̀nyí ń jẹ́ kí ara di iyọ̀ àti omi mú, ọkàn tó ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀ á sì tún ru ẹrù kún ẹrù. Ó tún lè gba ọ̀nà kejì wá: dókítà fún aláìsàn ọkàn ní oògùn tí ń múni tọ̀ kí omi lè fà, oògùn náà dá uric acid dúró sínú ẹ̀jẹ̀, àtàǹpàkò bá wú. Bàbá ní “ẹsẹ̀ mi tún ti wú o,” ará ilé rò pé ti àná ló padà dé. Wíwú méjì ni, èkejì kì í ṣe èkíní.

Ibí yìí náà ni àwa tí a ń kọ̀wé ti ń ṣi “fà” lò. A ó rí i kà pé àìsàn ọkàn wọ́pọ̀ láàárín àwọn àgbàlagbà tí uric acid wọn ga, a ó sì kọ ọ́ gàdàgbà pé “uric acid ló ń fa àìsàn ọkàn.” Fífà yàtọ̀ sí bíbá rìn. Ohun tó bá ń fa nǹkan, bí a bá dín in kù, nǹkan náà yẹ kó dín kù. Wọ́n dán an wò ní England àti Scotland nínú ìwádìí tí wọ́n pè ní ALL-HEART. Àwọn tó kópa lé ní 5,700. Wọ́n ti pé ẹni ọgọ́ta ọdún ó kéré tán, wọ́n ní àìsàn ọkàn, wọn kò sì ní gáòtù rí. Wọ́n fún àwọn kan ní allopurinol, tó ń rẹ uric acid sílẹ̀. Àwọn yòókù ń bá ìtọ́jú tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀ lọ. Èsì jáde nínú Lancet ní 2022: ìkọlù ọkàn, rọpárọsẹ̀ àti ikú àìsàn ọkàn kò dín kù lọ́dọ̀ àwọn tó lo oògùn náà. “Wọ́n jọ ń rìn” ló tọ́ ká kọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru, sísanra jù, àtọ̀gbẹ àti kíndìnrín tó ti ń rẹ̀ náà sì wà nínú ẹgbẹ́ ọ̀hún.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ kò gbọdọ̀ gba àyè púpọ̀ níbí, àfi ohun kan. Dókítà ní kí bàbá dín ẹran kù, bàbá sì gbọ́ràn. Ṣùgbọ́n nílé oúnjẹ tí kò jìnnà sí ilé ìpẹran Oko-Ọba, “ẹran” kì í ṣe ẹ̀dọ̀, kì í ṣe ṣàkì, kì í ṣe kíndìnrín; ọ̀tọ̀ ni orúkọ kálukú wọn nígbà tí olóúnjẹ bá ń bu ọbẹ̀. Bàbá tó fi ẹ̀dọ̀ rọ́pò ẹran kò purọ́ fún dókítà. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín wà lára ohun tí purine pọ̀ sí jù. Kí dókítà dárúkọ wọn, kó sì dárúkọ bíà mọ́ ọn.

Ti àyà náà wà níbẹ̀. “Àyà mi ń já” túmọ̀ sí pé ẹ̀rù ń bà mí, ìdáhùn tó sì máa ń tẹ̀ lé e ni “ẹ fọkàn balẹ̀.” Àgbà tí ọkàn rẹ̀ ń sáré láìsí ohun tó dẹ́rù bà á yóò rí ìtùnú gbà níbi tó ti ń wá ìtọ́jú. Kó kúkú sọ pé “àyà mi ń lù kì kì, ẹ̀rù ò sì bà mí.” Bó bá jẹ́ pé nǹkan ń tẹ̀ ẹ́ láyà, kó ní “àyà ń fún mi.”

Ní LASUTH, kì í ṣe Yorùbá nìkan ni àwọn dókítà. Ọmọ ló sábà máa ń túmọ̀ fún òbí, tí “ó ń ro,” “ó ń ta” àti “ó wú” á sì di ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo. Kí ọmọ náà bi bàbá kí wọ́n tó wọlé: “Bàbá, ẹsẹ̀ kan ni àbí méjèèjì? Ìrọ̀rí mélòó lẹ fi ń sùn báyìí?” Bí bàbá bá ní ọ̀kan lòun ń lò tẹ́lẹ̀, pé mẹ́ta ló dé yìí, ìyẹn ni kó kọ́kọ́ sọ fún dókítà, kó tó kan uric acid.