Pánẹ́ẹ̀lì Sólà Tó Ń Yíjú sí Oòrùn

Ẹ jẹ́ ká ti orí òjìji bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin, bí aago méjìlá ọ̀sán bá lù, ẹni tó bá dúró sí gbangba ní Okaishie, láàárín ìlú Accra, kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ rí òjìji ara rẹ̀. Oòrùn á wà ní àtàrí rẹ̀ gan-an. Ohun kan náà á tún ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹsàn-án. Ní oṣù kejìlá, oòrùn ọ̀sán á tẹ̀ sí gúúsù, ìyẹn apá òkun. Ní oṣù kẹfà, á tẹ̀ sí àríwá, ṣùgbọ́n kì í tẹ̀ tó ti oṣù kejìlá. Ìrìn tó gùn jù ni èyí tó ń rìn lójoojúmọ́, láti ìlà oòrùn dé ìwọ̀ oòrùn. Ìrìn yẹn ni àwọn kan fẹ́ kí pánẹ́ẹ̀lì wọn máa bá a rìn.

Kí ló dé tí àwọn ará Accra fi ń wá sólà? Láti ìgbà tí Ààrẹ Kwame Nkrumah ti ṣí ìsédò Akosombo ní oṣù kìíní ọdún 1966, ibẹ̀ ni Gáńà ti ń rí apá ńlá nínú iná rẹ̀. Bí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀, omi á fà, iná á sì dín kù. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní ọdún 1983. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, ìdákọ̀ró ọkọ̀ òkun kan ba páìpù jẹ́ nítòsí Lomé, páìpù tó ń gbé gáàsì láti Nàìjíríà lọ sí Benin, Togo àti Gáńà. Láti ìgbà náà títí di nǹkan bí ọdún 2016, ojú àwọn ará Gáńà rí màbo. Iná á lọ, iná á dé, iná á tún lọ. Dumsor ni wọ́n ń pè é.

Okaishie sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta oògùn fún alátùntà fìdí kalẹ̀ sí. Inṣúlíìnì tí àwọn alátọ̀gbẹ ń lò gbọ́dọ̀ wà nínú fíríìjì, láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 Celsius. Bí iná bá lọ ní alẹ́ Sátidé tí kò dé títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kì í ṣe owó ọlọ́jà nìkan ló wà nínú ewu. Ara aláìsàn tó máa ra oògùn náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Kí ẹ lè rí ìdí tí pánẹ́ẹ̀lì fi ń yíjú sí oòrùn, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì kan àti ìwé kan. Ẹ pa iná yàrá. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú ìwé náà ní tààrà: ìmọ́lẹ̀ á ṣù jọ sójú kan, á sì mọ́ rokoṣo. Ẹ wá dẹ ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìmọ́lẹ̀ á tàn ká, á sì ṣú díẹ̀. Agbára tọ́ọ̀ṣì kò dín kù o. Ibi tó ń bà ló fẹ̀ sí i. Bí oòrùn ṣe ń ṣe sí pánẹ́ẹ̀lì nìyẹn. Ní aago mẹ́jọ àárọ̀, pánẹ́ẹ̀lì tó dùbúlẹ̀ gbalaja á gba nǹkan bí ìdajì nínú ìtànṣán tí ì bá gbà ká ní ó kọjú sí oòrùn. Ní aago mẹ́sàn-án, á gba nǹkan bí 70 nínú 100. Bí ọ̀sán bá ti pọ́n, ìyàtọ̀ tán.

Báwo ni pánẹ́ẹ̀lì ṣe ń mọ ibi tí oòrùn wà? Wọ́n máa ń fi ojú kékeré méjì sí i, tí ìgànná tíńrín kan wà láàárín wọn. Bí oòrùn bá tẹ̀ sí apá kan, òjìji ìgànná náà á bo ojú kan. Ẹ̀rọ á rí i pé ìmọ́lẹ̀ ojú méjèèjì kò dọ́gba, á sì máa ti pánẹ́ẹ̀lì títí wọ́n á fi dọ́gba. Àwọn mìíràn kì í lo ojú rárá. Aago ni wọ́n ń lò, nítorí ìwọ̀n 15 ni oòrùn ń rìn ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kì í sì í yẹ̀. Ọ̀pá irin tó ń gùn tó sì ń kúrú ló ń ti pánẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó bá rántí àwọn àwo sátẹ́láìtì ńláńlá ayé ijọ́un ti mọ̀ ọ́n: irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ ló ń yí wọn.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Ní ọdún 1913, ní Maadi lẹ́bàá Cairo ní Íjíbítì, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Frank Shuman to díńgí gígùn márùn-ún tó ń yí tẹ̀lé oòrùn. Ooru tí wọ́n kó jọ ló ń se omi di ooru omi, òun ló sì ń fa omi odò Náílì sí oko òwú. Ogun àgbáyé tó bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún kejì ló pa iṣẹ́ náà tì. Ní Benban, nítòsí Aswan ní Íjíbítì kan náà, ọ̀pọ̀ pánẹ́ẹ̀lì ló ń yí tẹ̀lé oòrùn lónìí.

Ṣùgbọ́n aṣálẹ̀ ni Benban. Ojú ọ̀run ibẹ̀ mọ́ lọ́pọ̀ ọjọ́. Ti Accra kò rí bẹ́ẹ̀. Ọyẹ́ máa ń kó eruku wá láti oṣù kejìlá, ìkúukùu sì máa ń bo oòrùn lásìkò òjò. Bí ìkúukùu bá bò ó, gbogbo ojú ọ̀run ni ìmọ́lẹ̀ á máa ti wá, kò sì ní sí ojúkò kan pàtó tí pánẹ́ẹ̀lì ì bá yíjú sí.

Ẹ mú báírò, ká ṣírò ó. Bí a bá kó gbogbo ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ kan jọ ní Accra, ó tó nǹkan bí wákàtí mẹ́rin àbọ̀ oòrùn ọ̀sán gangan. Pánẹ́ẹ̀lì 400 wáàtì lọ́nà wákàtí 4.5 jẹ́ wáàtì-wákàtí 1,800. Eruku, ooru àti waya á jẹ nǹkan bí 400 nínú rẹ̀. Ó ku 1,400. Fáànù 60 wáàtì fún wákàtí 8 á jẹ 480. Gílóòbù 5 tó jẹ́ 9 wáàtì lọ́kọ̀ọ̀kan, fún wákàtí 5, á jẹ 225. Tẹlifíṣọ̀n 80 wáàtì fún wákàtí 4 á jẹ 320. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,025, ó sì ṣẹ́ kù fún fóònù. Fíríìjì ló máa béèrè pánẹ́ẹ̀lì kejì.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ̀rọ ayípánẹ́ẹ̀lì fi 20 kún 100, èyí tó dára púpọ̀ fún ojú ọ̀run tiwa. Ohun tó fi kún un jẹ́ 280, ìyẹn fáànù kan fún wákàtí mẹ́rin àti díẹ̀. Pánẹ́ẹ̀lì kejì á fi 1,400 kún un, kò sì ní ohun tó ń yí tó lè bàjẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀ pé, ní Accra àti ní Èkó, ẹni tó bá ní owó ẹ̀rọ náà kó kọ́kọ́ fi ra pánẹ́ẹ̀lì kejì.

Okaishie gan-an tún ní ìṣòro tirẹ̀. Ilé fún mọ́ ilé níbẹ̀, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sì yí àgbàlá ká. Pánẹ́ẹ̀lì tó bá kọjú sí ìlà oòrùn ní aago mẹ́jọ, ògiri aládùúgbò ló ń wò. Òjìji kékeré, ì báà ṣe ti okùn aṣọ, lè fa iná pánẹ́ẹ̀lì sẹ́yìn ju bí ojú ṣe rò lọ, nítorí àwọn ẹyọ inú rẹ̀ so kọ́ra. Orí òrùlé ló yẹ kí ará Okaishie lọ. Ibi tí ẹ̀yìnkùlé ti fẹ̀, bíi Dodowa tàbí Amasaman lẹ́yìn odi Accra, ni pánẹ́ẹ̀lì ayíjú ti lè wúlò, pàápàá fún ẹni tó fẹ́ fa omi kànga láti àárọ̀ kùtù dé ìrọ̀lẹ́ láìra bátìrì púpọ̀.

Ẹni tó bá sì wà nílé lójú mọmọ lè fi ọwọ́ yí tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà jó férémù náà mọ́ orí òpó, kó lu ihò mẹ́ta tí ẹ ó máa ki irin bọ̀. Láàárọ̀, ẹ kọ ọ́ sí ìlà oòrùn ní ìdajì òró. Ní aago mẹ́wàá àbọ̀, ẹ dá a padà sókè, kó tẹ̀ díẹ̀ kí òjò lè máa fọ̀ ọ́. Ní aago méjì, ẹ kọ ọ́ sí ìwọ̀ oòrùn. Yíyí ẹ̀ẹ̀mẹta yìí á mú púpọ̀ nínú èrè ẹ̀rọ wá, láìsí ẹ̀rọ. Kí òpó náà nípọn, kí kọnkéré ìdí rẹ̀ jìn, nítorí bí ìjì bá dé, pánẹ́ẹ̀lì tó nàró á gba afẹ́fẹ́ bí ìgbòkun ọkọ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ bí ojú ọjọ́ bá ti ṣú. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun máa ń jẹ irin ní Accra, ẹ máa fi gíríìsì pa ìdè rẹ̀.

Nígbà ọyẹ́, ẹ máa fi omi àti aṣọ rírọ̀ nu gíláàsì náà láàárọ̀, kó tó gbóná. Nípa waya: láti pánẹ́ẹ̀lì, iná á gba inú kántrólà, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ bí bátìrì ṣe ń gbaná, lọ sí bátìrì, á sì ti ibẹ̀ gba inú ínfátà, tó ń sọ ọ́ di irú iná tí à ń lò nílé, dé fáànù. Bátìrì olómi tí wọ́n kọ 12 fóòtì, 200 ámpì-wákàtí sí lára, wáàtì-wákàtí 2,400 ló gbà, ṣùgbọ́n ẹ má lò ju ìdajì lọ kí ẹ tó tún un gbaná, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní pẹ́ kú. Ẹ gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kí ọmọdé má sùn sí yàrá náà. Pánẹ́ẹ̀lì kò ní ibi tí a ti ń pa á: bí oòrùn bá ti bà á, iná ti wà nínú waya rẹ̀. Kí oníṣẹ́ iná tó fọwọ́ kan waya, kó kọ́kọ́ fi páálí tàbí aṣọ tó nípọn bo gbogbo ojú pánẹ́ẹ̀lì.