Fóònù Lọ́wọ́ Ọmọ Kékeré: Ọ̀rọ̀ fún Òbí, Ìyá Àgbà àti Alágbàtọ́

Ọbẹ̀ wà lórí iná, ọmọ ń ké, fóònù wà lórí tábìlì. Ta ni kò ní gbé e fún un? Èmi tí mò ń ṣe iṣẹ́ ìlera yìí náà ti ṣe é rí. Orin a-b-d lọmọ mi ń wò nígbà tí mo wọ ilé ìdáná. Kí n tó ro àmàlà tán, kátúùnù mìíràn ti gba ojú fóònù: àwọn ẹranko tí ọmọ mọ̀ dáadáa ń gún ara wọn lọ́bẹ, ọmọ sì ranjú mọ́ ọn, kò lè fọhùn. Kò tẹ nǹkan kan o. YouTube fúnra rẹ̀ ló máa ń gbé fídíò kan tẹ̀lé òmíràn bí a kò bá pa Autoplay.

Ẹ pa á. YouTube Kids sàn fún àwọn kékeré, ẹ sì lè ti ibi tí wọ́n ti ń wá fídíò níbẹ̀ pa, ṣùgbọ́n kò sí asẹ́ tí ìdọ̀tí kì í gba inú rẹ̀ kọjá. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android, App pinning wà ní Settings: ó ń so ojú fóònù mọ́ ohun kan ṣoṣo, kò ní rọrùn fún ọmọ láti ti ibẹ̀ bọ́ sórí WhatsApp tàbí báńkì yín.

Lọ́dún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 má jókòó ti fóònù tàbí tẹlifíṣàn rárá. Ọmọ ọdún 2 sí 4 kò gbọdọ̀ ju wákàtí kan lọ lójúmọ́. Facebook, Instagram àti TikTok kì í gba ẹni tí kò tíì pé ọdún 13. Àwa òbí la sì máa ń bá ọmọ purọ́ ọjọ́ orí kó lè wọlé.

Síbẹ̀, kátúùnù kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹ̀kọ́ ilé wa ni. A ti kọ́ ọmọ pé kó kí àgbà, kó jẹ́ ìpè, kó má jiyàn. Ẹni ibi tó fara pamọ́ sínú géèmù mọ̀ bẹ́ẹ̀. Á fi ohùn ránṣẹ́ pé ọ̀rẹ́ dádì lòun, kí ọmọ fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, "má sọ fún mọ́mì o." Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ló máa ń tètè kó sí i lọ́wọ́. Ẹ là á yé e pé àgbà inú fóònù kò ní ìkúnlẹ̀ kankan í gbà. Àgbà tí ẹ mọ̀ pàápàá, bó bá ní kó bọ́ aṣọ ya fọ́tò, kó má gbọ́.

Ẹ fi ẹ̀kọ́ yìí ṣeré. Ẹ fi ṣíbí ṣe fóònù, kí ẹ yí ohùn padà: "Ṣé mọ́mì ẹ wà nílé? Ilé ìwé wo lò ń lọ?" Ọmọ ò ní dáhùn, á kàn gbé ṣíbí náà wá fún yín. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ tún un ṣe. Ẹ sì máa sọ fún un pé: "Ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni bá ní o ò gbọdọ̀ sọ fún mi, òun gan-an ni kó o wá sọ."

Bó bá wá sọ ọ́, ẹ má nà án, ẹ má sì gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi jẹ ẹ́ níyà. Ọmọ tó jẹgba nítorí òótọ́ á gbé èyí tó kàn mì.

Kí ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n àti ọmọ ọ̀dọ̀ náà mọ àwọn òfin ilé wọ̀nyí. Òmíràn tún nìyí: Fọ́tò ọmọ nínú aṣọ ilé ìwé, tí orúkọ ilé ìwé hàn gedegbe láyà rẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí status WhatsApp yín.

Bí aburú bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ má pa ọ̀rọ̀ àti fọ́tò inú fóònù rẹ́. Ẹ gbé fóònù náà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ má fi àwòrán ìhòòhò ọmọ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ìjọ tàbí ẹbí "kí gbogbo ayé lè mọ̀": Òfin Cybercrimes tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2015 ka pípín in kiri sí ẹ̀ṣẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ti bá ọmọ ṣèṣekúṣe, ẹ má wẹ̀ fún un, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé.