Ẹrù Ló Ń San Owó Bodè

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan lórí rédíò ń dá ọmọ wa kan lóhùn. Nkwelle Ezunaka, lẹ́bàá Onitsha, lọmọ náà ń gbé, ó sì ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ fáwọn ará Lọ́ńdọ̀nù. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní kó má gbàgbé "owó bodè" lórí pọ́n-ùn tó ń wọlé fún un. Háà! Ibodè wo ni pọ́n-ùn náà gbà kọjá?

Ẹrù ló ń san owó bodè. Oníbodè á jókòó sẹ́nu ọ̀nà ìlú, aláàárù á sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n á gba tiwọn. Òun ni ìjọba Ẹ̀gbá fi ń gbọ́ bùkátà kí òmìnira wọn tó bọ́ lọ́dún 1914. Nígbà tí òyìnbó gbé owó orí dé lọ́dún 1918, àwọn Ẹ̀gbá kọ̀ ọ́, Ogun Adùbí sì bẹ́ sílẹ̀. Ẹni tí kò rẹrù lè yan kọjá níwájú oníbodè, ṣùgbọ́n ta ló lè gbé orí sílẹ̀ nílé?

Àwọn Ìgbò tí ọmọ wa ń bá gbé náà mọ̀ bẹ́ẹ̀: ụtụ isi ni wọ́n ń pe owó orí, orí sì ni isi. Ọdún 1928 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á lọ́wọ́ ọkùnrin wọn. Nígbà tí ìròyìn tàn lọ́dún 1929 pé wọ́n fẹ́ ka orí obìnrin, ogun àwọn obìnrin Aba dé.

Orí yìí náà ni òfin owó orí tó bẹ̀rẹ̀ ní January 2026 ń tọ̀ lẹ́yìn. Ìjọba Anambra ló ni owó orí ọmọ yìí, ì báà jẹ́ ọmọ Ìbàdàn, ì báà jẹ́ Lọ́ńdọ̀nù lowó ti wá. Wọn kò ní fọwọ́ kan 800,000 náírà àkọ́kọ́ lọ́dún. Bó bá sì kó kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ sókè òkun, físà lè mú un wọ̀lú, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo físà ló lè gba orí rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìlú ló ń ka ọjọ́ mọ́ni lẹ́sẹ̀: bó bá ti lé ní 183 lọ́dún, orí ti di tiwọn.

(Mo ti jà títí pé "ìwé àṣẹ ìwọ̀lú" ni ká máa pe físà. Ẹnikẹ́ni ò dá mi lóhùn.)

Wọ́n tún ti borí mi níbòmíràn. "Owó orí ọjà" ni wọ́n ń pe ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún tí a ń san lé ọjà. Ìyàwó lórí, a sì ń san owó orí ìyàwó. Bàtà wo ló lórí? Ṣùgbọ́n tọmọdé tàgbà ló ń sọ ọ́, ìwé ìròyìn ń kọ ọ́, kò sì sẹ́ni tó ṣì í gbọ́. Ó dáa, bàtà ti lórí.