Ẹ̀kọ́ fún Ìpàdé Wa: Àkọ́rọ̀ Òjò Kò Ṣe é Gbẹ́kẹ̀ Lé Mọ́

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin arábìnrin, ẹ̀kọ́ wa ti àkókò yìí kan oko. Àwọn kan nínú wa yóò sọ pé àwọn kì í ṣe àgbẹ̀. Ta ni kì í ra gààrí nínú wa? Bí òjò bá ṣe àgbẹ̀ ní ibi, ẹnu ọjà ni àwa yòókù ti ń mọ̀.

Nílẹ̀ Yorùbá, ìgbà òjò méjì ni àgbẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́. Ti àkọ́kọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, òjò a dá díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, ìkejì a sì tẹ̀ lé e títí di oṣù kẹwàá tàbí ìkọkànlá. Àwọn ìyá wa kò nílò ìwé kí wọ́n tó mọ èyí. Tí àkọ́rọ̀ bá ti mú ilẹ̀ rọ̀, wọ́n gbin àgbàdo. Lónìí, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni yóò sọ fún yín pé àkọ́rọ̀ ń tan ènìyàn jẹ. A rọ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, àgbàdo a hù, oòrùn a sì mú fún ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ a gbẹ. Irúgbìn ti lọ, owó alágbàṣe ti lọ. Opó tí kò ní irúgbìn mìíràn nílé ńkọ́? Kò ní rí nǹkan kan kórè, owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ sì ń bọ̀ ní oṣù kẹsàn-án.

Ohun tí àgbẹ̀ rí yìí kì í ṣe àròsọ. Èéfín epo àti èédú tí aráyé ń jó ti mú kí ooru ayé pọ̀ sí i. Ooru náà ń fa omi inú ilẹ̀ gbẹ kíákíá, òjò tó bá sì dé lè dé pẹ̀lú agbára tó ń gbá ilẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àgbàdo tí ewé rẹ̀ pọ́n ni ọ̀dá mú. Ilẹ̀ tí a ń ro lọ́dọọdún láìsinmi yóò ṣá. Láti ọdún 2016 pẹ̀lú ni kòrò kan tó ti Amẹ́ríkà wá ti ń jẹ àgbàdo wa láti inú ewé àárín. Àwọn mìíràn ní ìbínú Ọlọ́run ni. Bó ti wù kó jẹ́, n kò rò pé ìyẹn tó ìdí fún wa láti káwọ́ lẹ́rán.

Àwọn àgbẹ̀ náà kò káwọ́ lẹ́rán. Ọ̀pọ̀ kì í gbin gbogbo irúgbìn wọn sórí àkọ́rọ̀ mọ́. Wọ́n ń fi díẹ̀ pamọ́. Wọ́n ń gbin ẹ̀gẹ́ mọ́ àgbàdo, nítorí bí ọ̀dá dé, ẹ̀gẹ́ a wọ́ ewé sílẹ̀, a sì dúró de òjò. Àgbàdo tó ń tètè gbó, tó ń tó kórè ní nǹkan bí 90 ọjọ́, wà pẹ̀lú. IITA ní Ìbàdàn wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lé e lórí. Ẹ bi ẹni tó ń tà á dáadáa o: èyí tí wọ́n ń pè ní háíbíríìdì kò ṣe é fi pamọ́ gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù kò náni ní owó: kí a fi koríko gbígbẹ bo orí ebè iṣu, kí ooru má baà mú èbù jẹrà kó tó hù. Àwọn bàbá wa ti ń ṣe é tipẹ́.

Àkùrọ̀ ń kọ́? Ibẹ̀ ni ẹ̀fọ́ àti ilá ti ń ṣe dáadáa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n obìnrin mélòó ni wọ́n ń fún ní àkùrọ̀? Ẹni tó yá ilẹ̀ ro, wọn kì í sábà jẹ́ kó gbin igi tó ń pẹ́ sí i. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá ní kí àgbẹ̀ gbin igi fún ìbòòji, ẹ jẹ́ ká rántí pé ọ̀pọ̀ obìnrin kò láṣẹ láti ṣe é.

Lọ́dọọdún, àjọ ojú ọjọ́ Nàìjíríà, NiMet, máa ń sọ ìgbà tí wọ́n retí kí òjò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò dá ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Kí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa máa wá a, kó sì sọ ọ́ fún wa ní Yorùbá.

Kí a tó pàdé, kí olúkúlùkù bi ìyá àgbẹ̀ kan léèrè: ìgbà wo ló gbin àgbàdo lọ́dún yìí? Ẹ̀ẹ̀melòó ló tún un gbìn? Ta ló ni ilẹ̀ tó ń ro? Ẹ kọ ìdáhùn wọn wá. A ó kà á.