Ẹ̀KỌ́ KẸTÀLÁ: ÀJỌKẸ́ ṢE ÌWÁDÌÍ IṢẸ́

"Kí ni o fẹ́ dà bí o bá dàgbà?" Ìbéèrè yìí kì í wọ́n lẹ́nu àwọn àgbà. Ìdáhùn tí wọ́n sì sábà máa ń gbọ́ kò ju mẹ́ta lọ: dókítà, lọ́yà, ẹnjiníà. Iṣẹ́ gidi ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún bi ọmọ náà pé, "Kí ni dókítà ń ṣe láti àárọ̀ di alẹ́? Ọdún mélòó ni ó fi kọ́ iṣẹ́ náà?" ọ̀pọ̀ ni yóò dákẹ́. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó rí bí ọmọ kan ṣe wá ìdáhùn sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a pe orúkọ rẹ̀ ní Àjọkẹ́. Abẹ́òkúta ni ó ń gbé, ó sì wà ní kíláàsì karùn-ún.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù kejì, olùkọ́ wọn fún wọn ní iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́sẹ̀ márùn-ún. Ó kọ ọ́ sí ojú pátákó báyìí:

Ọ̀sẹ̀ kìíní: Kọ orúkọ iṣẹ́ 3 tí o fẹ́ràn.
Ọ̀sẹ̀ kejì: Lọ bá ẹni tí ó ń ṣe ọ̀kan nínú wọn, kí o sì bi í ní ìbéèrè.
Ọ̀sẹ̀ kẹta: Wo bí a ti ń ṣe iṣẹ́ kan pẹ̀lú ojú ara rẹ.
Ọ̀sẹ̀ kẹrin: Kọ ohun tí ó dùn nínú iṣẹ́ náà àti ohun tí ó nira.
Ọ̀sẹ̀ karùn-ún: Ka ìròyìn rẹ sí etígbọ̀ọ́ kíláàsì.

Olùkọ́ kìlọ̀ fún wọn pé, "Ẹ má ṣe kọ ohun tí ẹ kò rí tàbí tí ẹ kò bi ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá kọ ọ̀rọ̀ kan, ẹ sọ ẹni tí ó sọ ọ́ fún yín."

Ọ̀sẹ̀ Kìíní

Àjọkẹ́ kọ dókítà, nọ́ọ̀sì àti apoògùn sínú ìwé rẹ̀. Kò kọ iṣẹ́ ìyá rẹ̀. Aláró ni ìyá rẹ̀. Àdìrẹ ni ó ń ṣe, ọjà Ìtòkú ni ó sì ti ń tà á. Ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó máa ń sọ fún un pé, "Ìwé ni kí o kọjú mọ́. N kò fẹ́ kí ọwọ́ rẹ dúdú bíi tèmi." Nítorí náà, kò wá sí ọkàn Àjọkẹ́ pé a lè ka aró rírẹ mọ́ iṣẹ́ tí ènìyàn ń kọ sínú ìwé.

Ọ̀sẹ̀ Kejì

Àǹtí rẹ̀ tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà obìnrin kan. Àjọkẹ́ kúnlẹ̀, ó kí i, ó sì yọ ìwé àti bírò rẹ̀.

"Ẹ jọ̀wọ́ mà, ọdún mélòó ni ẹ fi kọ́ iṣẹ́ yín?"

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Lẹ́yìn ọdún 6 ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ti sẹ́kọ́ńdìrì, mo lo ọdún 6 ní yunifásítì. Lẹ́yìn náà ni mo lo ọdún 1 lábẹ́ àwọn dókítà àgbà kí n tó lè dá dúró. O gbọ́dọ̀ mọ Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Báyọ́lọ́jì, Físíìsì àti Kẹ́mísìrì. O sì gbọ́dọ̀ lè jí lóru, nítorí àìsàn kì í wo aago."

Ó tún sọ fún un nípa Dókítà Elizabeth Abímbọ́lá Awólíyì, ọmọ Èkó tí a bí ní 1910. Ìlú Dublin ní ilẹ̀ Ireland ni ó ti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Ó gboyè jáde ní 1938, òun sì ni obìnrin ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó ṣe iṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà.

Nígbà tí wọ́n parí, dókítà bi í pé, "Ìyá rẹ ńkọ́? Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe?"

Àjọkẹ́ wo ilẹ̀. Ó fi ohùn kékeré dáhùn pé, "Aláró ni wọ́n, mà."

"Aláró!" ni dókítà wí. "Kẹ́mísìrì ni wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn. Ṣé o ti bi wọ́n rí, ìdí tí aṣọ fi máa ń jáde nínú ìkòkò aró ní àwọ̀ ewé, tí ó sì máa ń di dúdú bí àwọ̀ ojú ọ̀run òru tí a bá sá a sínú afẹ́fẹ́?"

Láti kékeré ni Àjọkẹ́ ti ń rí i. Kò bi ẹnikẹ́ni rí.

Ọ̀sẹ̀ Kẹta

Ní ọjọ́ Sátidé, Àjọkẹ́ tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ sí ìdí aró.

"Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́ mi bí a ti ń ṣe aró. Olùkọ́ wa ni ó ní kí a wo iṣẹ́ kan."

Ìyá rẹ̀ wò ó pẹ̀lú ìyanu. "Iṣẹ́ aró kẹ̀? Mo rò pé dókítà ni o ń kọ?"

"Dókítà ni ó rán mi sí yín, mà."

Ìyá rẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé. Ó ní láyé ìyá òun, ewé èlú ni wọ́n ń gún nínú odó. Wọ́n á ṣù ú bí bọ́ọ̀lù, wọ́n á sì sá a sínú oòrùn títí yóò fi gbẹ. Wọ́n á sun igi, wọ́n á kó eérú rẹ̀ sínú ìkòkò tí a lu ihò sí nídìí, wọ́n á sì da omi lé e. Omi eérú yóò máa kán sínú ìkòkò mìíràn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Inú omi eérú yìí ni wọ́n á rẹ èlú sí fún ọjọ́ bíi mélòó kan títí yóò fi kan. Ìgbà náà ni aró tó jinná.

"Kí a tó rẹ aṣọ," ni ìyá wí, "a ó kọ́kọ́ ṣe ọnà sí i. Bí a bá fi okùn di í, ibi tí a dì kò ní gba aró. Èyí ni àdìrẹ oníko. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀kọ láfún ni a fi ìyẹ́ adìẹ kọ ọnà sí ara rẹ̀, àdìrẹ ẹlẹ́kọ nìyẹn. A dì í, a rẹ ẹ́: òun ni a fi ń pè é ní àdìrẹ. A ó rì í bọ inú aró, a ó yọ ọ́ síta kí ó gba afẹ́fẹ́, a ó tún rì í bọ̀ ọ́. Bí a bá ti ń ṣe é tó ni yóò máa dúdú sí i tó."

"Kí ló dé tí ó fi gbọ́dọ̀ gba afẹ́fẹ́, mà?"

"Bí ìyá mi ti ṣe é nìyẹn. Bí kò bá rí afẹ́fẹ́, kò ní dúdú."

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, Àjọkẹ́ gbé ìbéèrè náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń kọ́ni ní Kẹ́mísìrì ní ilé ẹ̀kọ́ gíga tí ó wà nítòsí. Onítọ̀hún ṣàlàyé pé aró dúdú kì í yọ́ nínú omi. Ṣùgbọ́n nínú ìkòkò tí ó ti kan, àwọn ohun ẹlẹ́mìí kéékèèké tí ojú kò lè rí a máa yí i padà, yóò sì wá lè yọ́ nínú omi eérú. Ìgbà náà ni ó máa ń wọ inú òwú aṣọ. Bí a bá yọ aṣọ síta, ọ́síjìn tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ yóò sọ aró náà di dúdú padà nínú òwú gan-an. Níwọ̀n bí kò ti lè yọ́ nínú omi mọ́, omi kò lè tètè fọ̀ ọ́ kúrò. Ó ní ní 1897, ilé iṣẹ́ kan ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí ta irú aró yìí tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì ṣe láìlo ewé. Ọ̀pọ̀ aláró lóde òní ni ó ń ra irú aró bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì ń fi sódà dípò omi eérú.

Ọ̀sẹ̀ Kẹrin

Àjọkẹ́ jókòó pẹ̀lú ìyá rẹ̀ ní alẹ́, ó ní kí ó sọ ohun tí ó dùn àti ohun tí ó nira nínú iṣẹ́ aró.

Ìyá ní, "Ohun tí ó dùn ni pé èmi ni ọ̀gá ara mi. Owó aró ni mo fi ń san owó ilé ìwé yín. Ohun tí ó nira ni sódà, tí ó ń jó ènìyàn lọ́wọ́. Èyí tí ó sì dùn mí jù ni aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ ọnà àdìrẹ sí, tí wọ́n ń kó wọlé láti òkè òkun. Aṣọ tí mo fi ọjọ́ mẹ́rin ṣe, oníbàárà a ní òun rí irú rẹ̀ ní ìdajì owó. Bí ó bá ń lọ báyìí, ta ni yóò kọ́ ọ mọ́?"

Àjọkẹ́ dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, "Ìyá, ẹ kọ́ èmi."

"Mo ti sọ fún ọ, ìwé ni kí o kà."

"N ó kàwé, mà. Ìwé náà ni ó sọ ìdí tí aró yín fi ń dúdú fún mi."

Ìyá rò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Kò burú. Ọlidé nìkan ni n ó máa kọ́ ọ. O ó máa wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ̀kọ́ rẹ kò sì gbọdọ̀ fà sẹ́yìn."

Ọ̀sẹ̀ Karùn-ún

Àwọn ọmọ ka ìròyìn wọn níkọ̀ọ̀kan. Ọmọ kan ti lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Òmíràn bi olùkọ́ léèrè, ó sì gbọ́ pé ọdún 3 ni a fi ń kẹ́kọ̀ọ́ gba ìwé ẹ̀rí NCE. Nígbà tí ó kan Àjọkẹ́, ó gbé aṣọ àdìrẹ kan sókè, ó sì ka ìròyìn rẹ̀. Báyìí ni ó ṣe parí rẹ̀:

"N kò tí ì mọ̀ bóyá dókítà ni n ó dà tàbí aláró. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé iṣẹ́ méjèèjì ń fẹ́ Kẹ́mísìrì, wọ́n ń fẹ́ sùúrù, wọ́n sì ń fẹ́ ọwọ́ mímọ́. N ó kọ́ méjèèjì, n ó wá yan ọ̀kan nígbà tí mo bá dàgbà. Iṣẹ́ ìyá mi ni mo fi kún iṣẹ́ mẹ́ta tí mo kọ ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Ó di mẹ́rin."

Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Olùkọ́ sọ fún wọn pé Olóyè Nike Òkúndáyé, tí a bí ní 1951 ní Ògìdì, tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Kogí nísinsìnyí, kọ́ àdìrẹ láti inú ẹbí rẹ̀. Ó ti fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ hàn ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ó sì dá ibi ìkọ́ṣẹ́ sílẹ̀ ní Òṣogbo, níbi tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti kọ́ iṣẹ́ ọnà lọ́fẹ̀ẹ́. Olùkọ́ ní, "Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Kí ẹnikẹ́ni tó yan ọ̀nà, kí ó kọ́kọ́ béèrè ibi tí ó já sí."

A. Àwọn Ọ̀rọ̀ Tuntun

ìwádìí: bíbéèrè àti wíwo nǹkan láti mọ òtítọ́ rẹ̀.
apoògùn: ẹni tí ó kọ́ bí a ti ń po oògùn òyìnbó, tí ó sì ń tà á fún aláìsàn.
èlú: igi tí a fi ewé rẹ̀ ṣe aró.
ìròyìn: àkọsílẹ̀ tàbí ọ̀rọ̀ nípa ohun tí a rí tàbí tí a gbọ́.
ìbọ̀wọ́: ohun tí a ń wọ̀ sọ́wọ́ láti dáàbò bò ó.

B. Dáhùn Àwọn Ìbéèrè Wọ̀nyí

1. Iṣẹ́ mẹ́ta wo ni Àjọkẹ́ kọ ní ọ̀sẹ̀ kìíní?
2. Kí ni ìdí tí kò fi kọ iṣẹ́ ìyá rẹ̀?
3. Lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọdún mélòó ni dókítà náà lò kí ó tó lè dá dúró? Ṣe ìṣirò rẹ̀.
4. Báwo ni a ti ń ṣe omi eérú?
5. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin àdìrẹ oníko àti àdìrẹ ẹlẹ́kọ?
6. Kí ni ó dun ìyá Àjọkẹ́ jù lọ nínú iṣẹ́ rẹ̀?
7. Ǹjẹ́ o rò pé ó yẹ kí ìyá gbà láti kọ́ Àjọkẹ́ ní iṣẹ́ aró? Sọ ìdí rẹ̀.

D. Fi Ọ̀rọ̀ Tí Ó Yẹ Dí Àlàfo

1. Aṣọ kì í dúdú bí kò bá rí ______.
2. Ní ọdún ______ ni Dókítà Awólíyì gboyè jáde.
3. Ọ̀nà kan kò wọ ______.

E. Iṣẹ́ Ṣíṣe

Yan iṣẹ́ kan tí wọ́n ń ṣe ní àdúgbò rẹ. Lọ bá ẹni tí ó ń ṣe é, kí o kí i dáadáa, kí o sì bi í ní ìbéèrè márùn-ún. Kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé rẹ, kí o sì múra láti kà á fún kíláàsì ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.